Ìjókòó Ẹ̀yìn Vivian

Bí Vivian bá mọ̀ ni, ì bá ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Vivian fẹ́ mú ìyá rẹ̀, Màmá Eunice, lọ sí Àbújá, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ òun. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀, Philemon, ti kú, tí wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn ní Erinje, màmá kò jẹun kánú mọ́. Ẹ̀gbẹ́ sàréè ló ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó ti rù kan egungun. Ẹ̀rù ń ba Vivian pé bí òun bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, sàréè kejì ni òun yóò padà wá gbẹ́.

"Mi ò lè fi bàbá rẹ nìkan sílẹ̀," ni màmá ń wí ṣáá. "Ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yìí sú Vivian. Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni ń tan ọmọdé, ó ní, "Ẹ lọ sọ fún wọn kí wọ́n máa bọ̀ nígbà náà. Àyè wà lẹ́yìn mọ́tò."

Màmá wò ó títí. "Ṣé tọkàntọkàn lo fi pè é?"

"Tọkàntọkàn ni, Màmá."

Màmá lọ síbi sàréè, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ díẹ̀, ó sì padà wá jẹ púpurú àti ọbẹ̀ ẹja ní àjẹpọ́nnulá. Inú Vivian dùn dé ìdí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì dojú kọ mọ́tò.

Mọ́tò oníná ni, irú tí kì í mu pẹtiróòlù. Kò lariwo rárá. Ọjọ́ tó wọ ìlú, ewúrẹ́ kan kò mọ̀ títí ó fi kan ìrù rẹ̀. Vivian ti fi sólà orí òrùlé fún un ní iná títí bátìrì fi kún. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ pé àwọn yóò yà gba iná sí i. Màmá, ọmọ Aládùúrà pọ́ńbélé, gbé omi àdúrà dé, ó fẹ́ wọ́n ọn sí ojú ihò tí wọ́n ń ki wáyà iná bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá! Táyà ni kí ẹ wọ́n ọn sí!"

Bí Vivian ṣe tan mọ́tò báyìí, agogo kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mọ́tò náà a máa fi àmì hàn níwájú awakọ̀ fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá wà. Òun nìkan ló wà nínú mọ́tò, àmọ́ àmì méjì ló tàn: tirẹ̀, àti ti ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ gan-an tí kò de bẹ́líìtì.

Ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni, kò sí báàgì pàápàá. Ó fọwọ́ kan ìjókòó náà nínú oòrùn yẹn, ó tutù bí omi inú àmù. Irun ara rẹ̀ dìde. Ẹ̀yìn awakọ̀ ni bàbá rẹ̀ máa ń jókòó nígbà ayé rẹ̀, màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn kì í jókòó síwájú.

"Ó máa ń gbàgbé bẹ́líìtì," ni màmá wí. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó de é. Agogo dákẹ́.

Ó ṣe Vivian bíi kó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àmọ́ bó bá sá, màmá kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́ láé. Ó mú màmá lọ́wọ́, ó gbé e jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó sì de bẹ́líìtì fún un gbọningbọnin.

"Ẹ jókòó tì mí, kí n máa rí yín."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ó ti ń retí mi tipẹ́." Màmá fẹ̀yìn tì, ó di ojú.

Vivian sáré lọ ti ilẹ̀kùn ilé, ó padà wá jókòó, ó wo iwájú. Àmì ìjókòó màmá kò tàn. Ó fa bẹ́líìtì náà wò. Ó dè dáadáa.

"Màmá, ẹ sún díẹ̀. Mọ́tò ò rí yín."

Ó nawọ́ mú ọwọ́ màmá. Ọwọ́ tó dì mú láìpẹ́ yìí ti tutù.

Agogo tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àmì méjì ló wà lẹ́yìn báyìí, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Vivian kò lè yíjú padà. Ó gbọ́ tí bẹ́líìtì kejì wọlé, kẹ́ẹ̀, agogo sì dákẹ́.