Ìwé Pélébé Abẹ́ Yímíyímí

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo kìlọ̀ fún yín o: ẹ má bá ẹni ẹlẹ́ni tún nǹkan rẹ̀ ṣe láìbéèrè.

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń nu ilẹ̀, èmi náà ni mò ń fọ ìgò tí àwọn aláìsàn ń tọ̀ sí. Bí mo bá ń fọ̀ ọ́, dandan ni kí n bó ìwé orúkọ ara rẹ̀ dànù, kí wọ́n má baà pe ìtọ̀ bàbá ní ti ọmọ. Ọdún kọkànlá rèé.

Dókítà wa fẹ́ràn kòkòrò. Bó bá ti yẹ àwọn aláìsàn wò tán, á ṣí àpótí onígíláàsì rẹ̀, á gbé awò sójú. Yímíyímí, labalábá, abẹ́rẹ́ ló fi gún gbogbo wọn mọ́ pákó. Bàbá arúgbó kan nínú àwọn aláìsàn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Dókítà, ṣé yímíyímí yìí ti gba káàdì?"

"Ó ti gbà á, Bàbá. Òun kì í tiẹ̀ ké bí mo bá gún un lábẹ́rẹ́."

Lẹ́tà kan dé. Ọ̀mọ̀wé kan ń bọ̀ wá wo yímíyímí aláwọ̀ aró kan. Bóyá kò tíì sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí. Dókítà ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń bójú tó ilé ìwòsàn náà, ní kí n nu àpótí ọ̀hún kó mọ́.

N kò fọwọ́ kàn án rí. Mo rí ìwé pélébé lábẹ́ kòkòrò kọ̀ọ̀kan, ó ti gbó, eruku ti bò ó. Mo bó gbogbo rẹ̀, mo sun ún pọ̀ mọ́ báńdéèjì. Mo rò pé iṣẹ́ ni mo ṣe. Ibi tí dókítà ti rí wọn àti ọjọ́ tó rí wọn ló kọ síbẹ̀. Mi ò mọ̀.

Ọ̀mọ̀wé dé. "Níbo lẹ ti rí i? Ọjọ́ wo?"

Dókítà wo abẹ́ kòkòrò náà. Kò sí nǹkan. Ó ní òun rántí: etí odò ni, lẹ́yìn òjò. Ọ̀mọ̀wé mi orí.

"Ẹ má bínú, Dókítà. Láìsí ìwé rẹ̀, òkú kòkòrò lásán ni."

Ó lọ. Dókítà wo garawa ọwọ́ mi, ó wò mí, ó gbójú kúrò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ figbe ta. "Ta ló bó o? Lónìí ni olúwarẹ̀ máa fi ibí sílẹ̀!"

"Èmi ni," dókítà wí.

"Ìwọ? Ogún ọdún lo fi kọ ọ́, ìwọ náà lo tún wá bó o? Ṣé orí ẹ pé?"

Dókítà pa àpótí náà dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ní èmi ni. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́."