Ilé Mẹ́rìndínlọ́gọ́fà Tó Ní "A Dúpẹ́"

Èmi Marufat nìkan ni nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn Iresa. Ìjọba pè wá sípàdé ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé wọ́n fẹ́ tì í pa.

Ọ̀gbẹ́ni Olúwaṣògo tó kàwé rẹpẹtẹ ló ṣe ìwádìí tí wọ́n torí ẹ̀ fẹ́ tì í. Ó ti rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọgọ́fà ilé lọ́dọ̀ wa.

"Ilé mẹ́rìndínlọ́gọ́fà ló ní ara àwọn ọmọ le," ó ní. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ọ̀sì ṣe?"

Mo dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe bi wọ́n?"

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "'Ẹ káàárọ̀ mà. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni?'"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Wọ́n lọ kí ènìyàn, wọ́n dé, wọ́n ní ìwádìí làwọn ṣe!

"Iṣẹ́ yín lẹ ń gbèjà," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń gbèjà ẹ̀. Ṣé ìyẹn wá sọ ìkíni di ìbéèrè ni? Ilé ńkọ́ sà? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, a dúpẹ́."

"Ta ló lo oògùn nínú wọn lọ́sẹ̀ yìí?"

Ó pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé. "Àbíkẹ́yìn mi. Ó ṣì wà ní ọsibítù, wọ́n ń fa omi sí i lára."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kí Ọlọ́run wò ó sàn, gbogbo wa ṣe àmín.

"Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni mí," ó ní. "Ẹnì kan ò tó ẹ̀rí."

Òótọ́ ni, mi ò lè jà á níyàn. Mo ní ká padà sí ilé ọgọ́fà náà, ká bi wọ́n bí mo ṣe bi í. Ó gbà, àmọ́ ó ní èmi ò gbọdọ̀ bá wọn lọ, kí àwọn èèyàn má baà sọ ohun tí mo fẹ́ gbọ́. Ó ta mí lára, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ó tọ́. Alága ìpàdé náà, Alhaja Bushrah, fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tá a tún pàdé, Olúwaṣògo fúnra rẹ̀ ló ka èsì náà sókè: ilé mọ́kàndínláàádọ́rin lọ́mọ ti ṣàìsàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

"Mo ṣì í," ó ní. "Nọ́ọ̀sì kan ò tó wọn." Alhaja Bushrah ní wọn ò ní ti ilé ìwòsàn wa pa mọ́.

Mo ké "Alihamudulilahi!" débi pé àwọn tó wà níta sáré wọlé. Inú mi dùn, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì kejì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Iresa lọ́jọ́ Mọ́ńdè.