Áńgẹ́lì Tí Kò Yin Ẹnikẹ́ni

Ọdún tí owó Udójì bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí firíìjì ń wọ ilé tí iná kò tíì dúró sí ní Ìsọlọ̀, ni Adébímpé bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí áńgẹ́lì ọkọ rẹ̀.

Kì í ṣe pé ó rò pé Felix ń purọ́. Ìyẹn ìbá rọrùn. Felix Olúbọ̀wálé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, akọ̀wé ní iléeṣẹ́ ìjọba kan n'Ìkejà, kò mọ irọ́ pa. Bó bá gbìyànjú rẹ̀, ojú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tú u fó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ti ń gbàdúrà lórí àga ní fàráńdà, ohùn kan sọ sí i létí pé kó má wọ bọ́ọ̀sì tó máa ń wọ̀. Ó dúró sílé. Kí ó tó di ọ̀sán, ìròyìn ti dé pé bọ́ọ̀sì náà já sí kòtò ní Apakun, èèyàn sì kú níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni Felix ti ń jí ṣáájú àkùkọ láti lọ jókòó sórí àga yẹn. Adébímpé náà dúpẹ́. Ta ni kò ní í dúpẹ́?

Lẹ́yìn náà ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ èèyàn.

Ti Súbérù, ọ̀rẹ́ Felix níbi iṣẹ́, ló kọ́kọ́ sọ: pé ó gba ẹ̀yìn lọ bá ọ̀gá nítorí ipò tí Felix ń retí. Felix wádìí, òótọ́ ni. Bí ọ̀rẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣe tán nìyẹn. Ó tún ní Bàbá Ọlálérè, alàgbà ìjọ wọn, ń fi àdúrà Felix ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ nìyẹn náà. Felix kò dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ó ní ẹni tí áńgẹ́lì ń bá sọ̀rọ̀ nílé, kí ló ń wá lọ́dọ̀ alàgbà? Ìgbà tó kan Babáwálé, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ohùn náà ní òun ló ta rédíò tí gbogbo ilé gbà pé olè gbé. Babáwálé dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́. Felix kó ẹrù rẹ̀ síta kí ògì àárọ̀ tó jinná.

Tísà ni Adébímpé, bàbá ìjọ sì ni bàbá tó bí i ní Ìkẹ́rẹ́. Ohun kan tí bàbá rẹ̀ máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì ìrìbọmi bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí i lọ́kàn. Bàbá náà ní nígbà tí wọ́n lé àwọn áńgẹ́lì ọlọ̀tẹ̀ kúrò lọ́run, ẹnikẹ́ni kò gba ìmọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣì mọ̀ ọ́n. Ìfẹ́ ni kò bá wọn sọ̀ kalẹ̀.

“Bàbá Tóyìn,” ó bi ọkọ rẹ̀ bó ti ń wọṣọ iṣẹ́, “áńgẹ́lì yín yìí, ṣé ó ti sọ ohun rere kan nípa ẹnikẹ́ni fún yín rí?”

“Òótọ́ ló ń sọ.”

“Mi ò pè é nírọ́. Mo ní ṣé ó ti yin ẹnì kan rí?”

Felix de bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. “Kò wá láti pọ́n ẹnikẹ́ni lé.”

Adébímpé kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òun náà ní ohun tó ń fi pamọ́. Bó bá jáde níléèwé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Òṣòdì ló ń lọ, lẹ́yìn ojú irin, níbi tí Babáwálé ti sá pamọ́ sí yàrá télọ̀ kan. A máa gbé ìkọ́kọrẹ́ dání fún un. Ikọ́ ti ń hàn án léèmọ̀, ara rẹ̀ sì ti gbẹ bí igi. Kò sọ fún ẹ̀dá kan. Ìsíátù nìkan, ayálégbé ẹlẹgbẹ́ wọn tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Aswani, ló pàdé rẹ̀ níbi ojú irin lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé sí ìpàdé yẹn tí Felix wọlé láti fàráńdà, tí ojú rẹ̀ le koko. “Ó ní o ń bọ́ Babáwálé lẹ́yìn mi.”

Adébímpé wò ó lójú. “Òótọ́ ni,” ló wí.

Felix kò pariwo. Kò kàn jẹ oúnjẹ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mọ́ ni.

Ọkàn Adébímpé kò sí lọ́dọ̀ ohùn náà mọ́, ẹni tó tú àṣírí rẹ̀ ló ń wá: ta ló sọ fún Felix? Ìsíátù ni. Àbí ta ni ì bá tún jẹ́? Adébímpé kò dá a lóhùn nídìí ẹ̀rọ omi mọ́. Bí Ìsíátù bá ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá rẹ̀, òun ni ó gbà pé wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Níkẹyìn, Ìsíátù wá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Àǹtí, kí ni mo ṣe fún yín?”

Adébímpé la ẹnu láti sọ fún un. Gbogbo àìdáa tí Ìsíátù ti ṣe láti ọjọ́ tó ti kó wọlé sì tò lẹ́sẹẹsẹ sí i lọ́kàn: omi tó dà sílẹ̀ láìnù, ọ̀rọ̀ tó sọ nípa ìyàwó lánlọ́ọ̀dù, iyọ̀ tó yá tí kò dá padà. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òun kò jókòó ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀rù bà á ju ti ìgbàkígbà lọ, nítorí ó mọ irú ẹni tó ń ka nǹkan báyìí létí ọkọ rẹ̀.

“O ò ṣe nǹkan kan,” ló wí. Ó di ọwọ́ Ìsíátù mú. “Èmi ni mo ṣe é. Má bínú.”

Ó jáde tọ Felix lọ ní fàráńdà.

“Ó sọ fún yín pé mò ń lọ. Ṣé ó sọ fún yín pé ikọ́ ń pa àbúrò yín lọ? Pé bó bá ń gbàdúrà, orúkọ yín ló ń dá?”

Felix yíjú sí i. “Ikọ́ wo?”

“Ẹni tó mọ ọ̀nà tí mo gbà dé Òṣòdì kò lè ṣàì mọ̀ pé Babáwálé ń wúkọ́. Kí ló dé tí kò sọ ọ́?”

Adébímpé sún mọ́ àga náà.

“Nígbà tó bá tún dé, ẹ jí mi. Iṣẹ́ tó bá tọ̀run wá kò ní í sá fún ẹni méjì.”

Ó jí i ní ìdájí ọjọ́ kejì. Wọ́n jókòó pọ̀ ní fàráńdà. Kò pẹ́ tí ojú Felix fi yí padà.

“Kí ló wí?”

“Ó ní…” Felix wo ilẹ̀. “Ó ní kí n lé ọ lọ.”

Ó wu Adébímpé láti bú ohùn náà, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé olórí àwọn áńgẹ́lì gan-an kò bú Èṣù; Olúwa ló fi í lé lọ́wọ́. “Ẹ bi í, ohun rere wo ló rí lára mi.”

Felix bi í, sókè. Ewúrẹ́ kan ké ní ẹ̀yìnkùlé. Obìnrin kan ń polówó búrẹ́dì lójú títì. Felix ń tẹ́tí, ó ń tẹ́tí; ohùn náà kò rí ohun rere kankan sọ.

“Mo ti jẹ́ kí ohùn yìí gba àbúrò mi lọ́wọ́ mi,” ni Felix wí. Lẹ́yìn náà ló wí fún ohùn náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn kí àlejò tó ti pẹ́ jù máa lọ, pé, “Olúwa ni yóò bá ọ wí.”

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n lọ sí Òṣòdì. Felix fúnra rẹ̀ ló gbé Babáwálé pọ̀n kọjá ojú irin, ó sì gbé e lọ sọ́sibítù. Ara rẹ̀ yá díẹ̀díẹ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ wọn. Felix padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sẹ́yìn. Òun àti Súbérù ń kíra, ṣùgbọ́n kò tún rí bí i tàtẹ̀yìnwá. Ohùn náà ṣì ń wá nígbà mìíràn. Bó bá ti dé, Felix á pe ìyàwó rẹ̀, ohùn náà á sì dákẹ́.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, Babáwálé ta fáànù ilé. Adébímpé ló bínú jù. Felix kò bá Babáwálé sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó ti àwo ẹran sí àárín òun àti àbúrò rẹ̀.