Dòdò Tí Kò Gbọdọ̀ Le

Epo ta sí Fọláwùmí lọ́wọ́, kò tilẹ̀ wò ó. Ó tún bu àgbagbà tó ti gún mọ́ ata àti iyọ̀, ó mọ ọ́ róbótó, ó sọ ọ́ sínú agbada. Dòdò yìí kò gbọdọ̀ pẹ́ lórí iná. Rírọ̀ ló gbọ́dọ̀ rọ̀, nítorí Tìmí, àbúrò rẹ̀ tí mọ́tò kọ lù ní Lọ́ńdọ̀nù, tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kán, kò lè rún ohun líle. Ó ti ránṣẹ́ sílé pé oúnjẹ ọsibítù kò lọ lọ́nà ọ̀fun òun, pé dòdò Ìkirè nìkan ló ń wu òun jẹ.

Apẹ̀rẹ̀ dòdò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó kún dẹ́nu, gbogbo rẹ̀ le bí òkúta. Òun gan-an ló ń bí Fọláwùmí nínú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, Ajíbọ́lá ará Apòmù tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù yà nílé rẹ̀, ó ní òun á bá a gbé dòdò náà fún Tìmí, pé lọ́sẹ̀ méjì sí i, lọ́jọ́ Ẹtì, ni ọkọ̀ òun ń gbéra ní Èkó. Ọkọ̀ ló pè é. Ọkọ̀ ojú omi ni Fọláwùmí gbọ́, irú èyí tó gbé Tìmí lọ, tó pẹ́ lórí òkun bí ẹni pé kò ní gúnlẹ̀ mọ́. Dòdò rírọ̀ á bu kó tó débẹ̀. Ló bá dín in gbẹ, ó gbà pé kó tó dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ á ti jiná. Gbogbo àgbagbà tó pọ́n lóko ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ tán.

Àfi láàárọ̀ yìí tí Mùnírátù, ìyàwó Ajíbọ́lá, wá ná ọjà Ìkirè, tó sì sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré pé bàálù lọkọ òun ń wọ̀. Bó bá gbéra lálẹ́, Lọ́ńdọ̀nù nilẹ̀ á mọ́ bá a. Wọ́n á wọn ẹrù, nítorí náà kí dòdò má ju ìdì kékeré kan lọ. Ọ̀sán yìí sì ni lọ́rì Èkó ń kúrò ní Apòmù.

Fọláwùmí di èyí tó rọ̀ sínú ewé gbòdògì, ó gbé apẹ̀rẹ̀ èyí tó le rù, ó wọ mọ́tò lọ sí Apòmù.

Ajíbọ́lá wà níwájú ilé, kóòtù lọ́rùn nínú oòrùn, ó ń ka máìlì fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé, oorun kan ṣoṣo. Nígbà tó gbọ́ ohun tí Fọláwùmí bá wá, ó rẹ́rìn-ín.

“Àǹtí, ta ló tún ń wọ ọkọ̀ ojú omi láyé òde òní? Ẹ̀yin ará Ìkirè yìí ṣáá. Bàálù náà kì í ṣe ọkọ̀ ni?”

“Ọmọlanke náà, ọkọ̀ ni. Ṣé òun lo fẹ́ wọ̀?”

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ́rìn-ín. Fọláwùmí kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

“Oorun kan ni Lọ́ńdọ̀nù,” ó ní. “Apòmù sí Ìkirè tí mo lè fẹsẹ̀ rìn ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ kò dé ọ̀dọ̀ mi. Bó bá jẹ́ pé èyí tó le yìí ló bá ọ lọ, kí ni Tìmí ì bá fi rún un?”

Ajíbọ́lá wolẹ̀. Ó ní kí Àǹtí má bínú, ó na ọwọ́ méjèèjì gba ìdì náà, ó ń wá ibi tó máa tì í sí nínú àpótí. Fọláwùmí ní kó yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kí ẹrù má baà tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ó dúró títí ó fi rí i nínú báàgì ọwọ́ Ajíbọ́lá.

Mùnírátù gbé ìjókòó wá, ó ní kí Àǹtí fẹnu kan nǹkan. Fọláwùmí sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ ṣòfò, kí gbogbo ẹni tó léyín nínú ilé náà máa rún un.

Ó tú òṣùká, ó fi nu ojú. Ó sì fẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Ìkirè lọ.