Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Ìwé Owó Ìlàjà

Ká sọ òótọ́, Vitaline ń jowú àbúrò rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin kì í jowú mọ́. Tí Dora bá rẹ́rìn-ín, inú á bí i. Tí àwọn èèyàn bá mú tábà lọ sílé Dora láti fi bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣàdúrà, Vitaline á dúró lójú fèrèsé tiẹ̀ ní òdìkejì títì, á máa kà wọ́n. "Kókom Dora! Kókom Dora!" Báyìí ni gbogbo ọmọ Cree ìlú náà, ìran tó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ṣe ń pè é, bí ẹni pé òun ni ìyá àgbà gbogbo wọn. Ta ló ń pe Vitaline ní Kókom? Àwọn ọmọ-ọmọ tiẹ̀ gan-an, èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń kí i.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ọmọ ọdún méje ni Vitaline lọ́jọ́ tí ọkọ̀ àwọn àlùfáà wá fipá kó àwọn ọmọ Cree lọ sílé ìwé. Ìyá àgbà wọn sáré gbé Dora, ọmọ ọdún mẹ́rin, sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Vitaline dúró lójúde, wọ́n sì gbé e lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Wọ́n na èdè Cree kúrò lẹ́nu rẹ̀, ìwé kíkà nìkan ló mú bọ̀. Dora ní tiẹ̀ bá ìyá àgbà wọ inú igbó lọ. Kò mọ A, kò mọ B, ṣùgbọ́n èdè pé lẹ́nu rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ awọ mùúsù, ẹran ìgbẹ́ ńlá oníwo yẹn, ṣe tó o lágbègbè náà. Kí ló dé tó fi jẹ́ Dora ni ìyá àgbà gbé? Ìbéèrè yẹn ni Vitaline fi ń sùn, òun náà ló fi ń jí.

Lọ́dún yẹn, bí yìnyín ṣe yọ́ tán lórí odò, ìjọba ìlú kéde pé àwọn ya owó ìlàjà sọ́tọ̀ láti fi pẹ̀tù sí àwọn onílẹ̀ nínú lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwé yẹn: kí àwọn onílẹ̀ mú ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe wá, kí wọ́n sì darí ẹ̀ fúnra wọn. Dora bá sọdá títì pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ nǹkan sí i. Mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ṣe ń ṣe awọ, létí odò. Òyìnbó tó bá fẹ́ náà lè wá."

"Ìwọ tí gbogbo ayé ń wárí fún! Èmi ni mo wá di akọ̀wé ẹ?"

"Ta ni mo tún ní?" Dora fi tábà sí i lọ́wọ́. Bí tábà bá sì ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́, tí o gbà á, o ti jẹ́ hòo nìyẹn.

Vitaline kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Ó ku ìlà kan: ta ni yóò darí iṣẹ́ náà? Ó wo àbúrò rẹ̀ tó ń mu tíì láìfura. Ó wá kọ "Vitaline Moostoos" síbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Tiẹ̀ kì í ṣe èèṣì o, ó fojú sùn ún kó tó sọ ọ́.

Owó jáde. Wọ́n gbé fọ́tò Vitaline jáde nínú ìwé ìròyìn, wọ́n pè é ní olùdarí. Àwọn èèyàn ń kí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dùn mọ́ ọn o, kí n má parọ́. Dora ní tiẹ̀ ń wá awọ sílẹ̀ de ọjọ́ ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ pé. Ogójì èèyàn péjọ sétí odò, wọ́n ti fa awọ le sórí igi. Janelle, ọmọbìnrin tó ń bójú tó owó náà fún ìjọba ìlú, mú tábà wá, ó kọjá lára Dora, ó sì fi lé Vitaline lọ́wọ́. "Ìyá wa, ẹ bẹ̀rẹ̀ fún wa."

Vitaline mú eegun tí wọ́n fi ń ha awọ. Ó ha á lẹ́ẹ̀kan, ó ha á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, fàà! Awọ ya.

Dora sún mọ́ ọn. "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"O mọ̀ pé orúkọ mi ni mo kọ."

"Ó ti pẹ́. Janelle kà á fún mi. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Háà! Ìyẹn ló wá dá kún un. Kódà ìwà rere, Dora náà ló ni ín! Vitaline ju eegun náà sílẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ? Kí ni mo ṣe fún ìyá àgbà? Kí ló dé tí ò gbé mi?"

"Èmi ni mo sún mọ́ ọwọ́ ẹ̀," ni Dora wí. "Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa padà wá mú yín, wọ́n ti gbé yín sínú ọkọ̀. Ó sáré tẹ̀lé ọkọ̀ yẹn títí dé orí afárá. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ wálé."

"Irọ́ ni."

"Mo wà lábẹ́ ọkọ̀ ojú omi yẹn títí tó fi dé. Ilẹ̀ ti ń ṣú."

"O ò sì sọ fún mi!"

"Ṣé ẹ bi mí rí? Gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé yín, ńṣe lẹ máa ń bínú sí mi."

Vitaline yíjú sí Janelle. "Ọmọ mi, pa orúkọ mi rẹ́ nínú ìwé yẹn. Dora ni kó o kọ. Kọ tèmi sáàárín àwọn tó wá kọ́ṣẹ́." Ó jókòó sí ìdí awọ tó ya náà, láàárín àwọn ọmọdé, ó sì ń jowú síbẹ̀, ẹ má rò pé ó tán.

Ó ṣe díẹ̀, ó gbójú sókè. "Afárá wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìlọkà, níbi tí odò ti yà."

"Ibẹ̀ mà jìnnà, Dora."

"Ó jìnnà gan-an, ẹ̀gbọ́n mi."