Ohun Tó Wà Nínú Kọ́ọ̀bù

Aláriwo la ń pe ọmọ mi, nítorí kì í dákẹ́. Dídákẹ́ tó dákẹ́ ló jẹ́ kí n yíjú. Ó jókòó sábẹ́ tábìlì, ó di kọ́ọ̀bù funfun kan mú. Kọ́ọ̀bù náà ti ṣófo, aṣọ tí a so mọ́ ọmọ náà lọ́rùn sì ti rin.

Kọ́ọ̀bù méjì tó jọra ló wà lórí tábìlì náà tẹ́lẹ̀. Ìyókù fínígà tí Màámi, ìyá ọkọ mi, dà sórí kábéèjì wà nínú ọ̀kan. Ìyókù omi sódà tí mo fi po ọṣẹ, èyí tó lè jó ọ̀nà ọ̀fun, wà nínú èkejì. Èyí tí kò sí lọ́wọ́ ọmọ ti já sínú bàsíà omi ìfọbọ́, a kò sì mọ èwo ni. Nígbà ayé ọkọ mi, ohun èlò ọṣẹ kì í wọ ilé ìdáná. Ìgbà tó kú ni mo kó o wọlé, kí Màámi lè máa bá mi wo ọmọ.

Gbogbo ibẹ̀ ló ń rùn fínígà. Imú kò lè ràn wá lọ́wọ́.

Màámi ti pe nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè ilé wa. Ohùn rẹ̀ jáde nínú fóònù: "Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bì o! Ibi iṣẹ́ ni mo wà, mò ń gbé mọ́tò bọ̀. Kí ló mu gan-an?"

Màámi gbé ọmọ, wọ́n ń ṣan án lẹ́nu. Mo ṣí agolo bébà lítímọ́sì ọkọ mi, èyí tí sódà máa ń sọ pupa rẹ̀ di búlúù, mo fa ọ̀kan pupa yọ, mo fi nu ìdí kọ́ọ̀bù. Ó di búlúù.

"Sódà ni! Màámi, sódà ló mu!"

"Dákẹ́. Mú òmíràn."

"Kí la tún fẹ́ fi òmíràn ṣe?"

"Mo ní kí o mú un!"

Mo mú un. Kò tíì dé kọ́ọ̀bù tí àwọ̀ búlúù fi bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìka mi ti dì í mú.

Mo wo ọwọ́ mi. Ọṣẹ tútù tí mo ń gé láàárọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná. Abájọ tí ọkọ mi fi máa ń fi ẹ̀mú kékeré mú bébà yẹn. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ń pè é ní Dókítà Bébà.

"Má fọwọ́ kan ọmọ náà," Màámi wí. Wọ́n mú ewé kábéèjì aláwọ̀ àlùkò kan tí fínígà kò tíì kàn, wọ́n fún omi rẹ̀ sórí aṣọ tó rin náà. "Ọmọ mi, ọkọ rẹ, ló fi hàn mí. Bó bá di àwọ̀ ewéko, sódà ni. Bó bá pọ́n, fínígà ni."

Omi àlùkò náà tàn díẹ̀díẹ̀ lára aṣọ. Etí àbàwọ́n náà ló kọ́kọ́ yí padà, lẹ́yìn náà àárín. Ó pọ́n, ó pọ́n bí èrìgì ọmọ náà.

"Ẹ ṣì wà níbẹ̀?" nọ́ọ̀sì bèèrè.

"Fínígà ni," Màámi dáhùn.

"Ẹ dúpẹ́. Mo ṣì ń bọ̀ wá wo ẹnu rẹ̀."

Aláriwo fún ojú pọ̀, ó wá figbe ta. Mo na ọwọ́ sí i, Màámi yí èjìká sí mi.

"Ọwọ́ rẹ, ìyàwó mi."

Mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha abẹ́ èékánná. Mo fi ọwọ́ tútù náà fa bébà pupa kan sí i yọ. Mo dì í mú títí. Bébà náà ṣì pupa, kò di búlúù.

Ìgbà náà ni Màámi gbé ọmọ mi fún mi.