Ọkàn Inú Ìgò Corentin

Kíndìnrín ni Odile Perrachon dì sínú ìgò tirẹ̀, ọkàn ni Corentin dì sínú tirẹ̀. Ìgò kan ṣoṣo ni yóò wọ yàrá ìtànṣán, nítorí níbi iṣẹ́ wa létí odò Isère, ní Grenoble, ọjọ́ kan ni wọ́n ń fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ìgò rẹ̀ kò bá wọlé, á dúró di ìgbà òtútù.

"Ọkàn la máa gbé wọlé," ni Dókítà Vuillermoz, ọ̀gábìnrin wa, wí nídìí kọfí. "Ẹ wo bí Corentin ṣe dì í. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyẹn."

Odile rẹ́rìn-ín músẹ́, àmọ́ ó ń jowú. Òun ló kọ́ Corentin níṣẹ́. Òun ló fi hàn án bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀yà ara tí olóògbé fi tọrẹ sínú sípíríìtì, díẹ̀díẹ̀, kó má baà sunkì. Bí wọ́n ṣe ń se jẹ́lì ewéko òkun tí yóò dì bí ẹ̀kọ, tí wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, tí wọ́n á fi há ẹ̀yà náà mọ́ àárín ìgò. Bí ẹ̀rọ ṣe ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ìtànṣán wa lè fi iṣan tó tín-ín-rín ju irun lọ hàn láìfi ọ̀bẹ kan ọkàn náà. Ṣùgbọ́n orí àwo tó ń yí ni ìgò ń jókòó sí, àwòrán á sì máa gorí àwòrán láti ìsàlẹ̀ dókè. Bí ọkàn bá sún díẹ̀ péré, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́.

Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fọwọ́ kan ìgò tí a bá ti dì. A ó lẹ téèpù pupa mọ́ ìdérí rẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ mọ́jú kí jẹ́lì lè jókòó.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, Odile tẹjú mọ́ ìgò Corentin. Kò rí ìhó afẹ́fẹ́ kankan tó lè ba àwòrán jẹ́ níwájú rẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀, kò rí.

"Kò lè dára tó báyìí," ló wí fún ara rẹ̀.

Ó gbé ìgò náà, ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti wo abẹ́ rẹ̀. Jẹ́lì náà rọra yẹ̀. Kò sí ìhó níbẹ̀ náà. Ó gbé e padà, ojú lásán kò sì lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Corentin ti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù dé. "Màdáámú Odile, ẹ bá mi di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bíi ti ọkọ ìyàwó."

"Ṣé ọkàn tìẹ ló wà nínú ìgò ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo ti pe màmá mi, mo ti yangàn tán."

Wọ́n gbé ìgò náà sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n tì í dé ẹnu ilẹ̀kùn òjé yàrá ìtànṣán. Odile mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ilẹ̀kùn náà bá tì: àwòrán á dàrú, wọn á sì ní Corentin ò mọ ẹ̀yà ara dì. Fún ìgbà díẹ̀, èrò náà dùn mọ́ ọn. Dókítà Vuillermoz, tó ń dúró dè wọ́n, na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tó ń ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ dúró," ni Odile wí. "Mo gbé ìgò yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́."

"Kí lẹ ń wá lábẹ́ rẹ̀?" ni Dókítà Vuillermoz béèrè.

"Àléébù."

Corentin rẹ́rìn-ín gbígbẹ. "Ẹ kú ọgbọ́n. Kíndìnrín yín nìkan wá ni jẹ́lì rẹ̀ jókòó báyìí, àbí?"

Odile yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́ náà.

"A ò lè fi ọjọ́ òní ṣòfò," ni Dókítà Vuillermoz wí. "Ẹ gbé kíndìnrín wọlé."

Àwòrán kíndìnrín náà jáde, iṣan ń ya láti ara iṣan bíi gbòǹgbò igi, títí dé àwọn kókó wínníwínní tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Odile ò tíì di èyí tó dára tó o rí. Dókítà Vuillermoz yin kíndìnrín. Kò dárúkọ ẹni tó dì í.

Odile lọ bá Corentin nídìí tábìlì. Ó ti ń gé jẹ́lì tuntun.

"Jẹ́ kí n bá ọ gé e."

"Ẹ lọ wo kíndìnrín yín."

Kò lọ. Ó ń wo ọwọ́ ọmọkùnrin náà. Corentin ń gé jẹ́lì kéré ju bí Odile ṣe kọ́ ọ lọ, kó lè wọ gbogbo kọ̀rọ̀ inú ọkàn láìfi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

"Ta ló kọ́ ọ báyìí?"

"Kò sẹ́nìkan."

Odile mú ọ̀bẹ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Corentin wo ohun tó gé, ó fi ìka tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ gé e kéré sí i," ló wí.